Ẹni Tó Dẹ Irun Ọ̀pá Fáyólìn

Fáyólìn náà ti di igi ìdáná. Ọrùn rẹ̀ kán, ikùn rẹ̀ là sí méjì, okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wé mọ́ra wọn lórí tábìlì bí ìgbà tí adìyẹ bá tú òwú. Ẹni tó ṣe é kò fi eré ṣe é. Ó gbá a mọ́ etí tábìlì, ó tún un gbá, kó tó jù ú sílẹ̀. Fẹ̀sọ̀ dúró tì í, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Fẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ yìí ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí ohun tó máa ń sọ fáwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn: ẹ fẹ̀sọ̀. Kọ́pùrà tó tẹ̀ lé e wá kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ létí. Ọkùnrin náà ti yọ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́wọ́ kó tó wọ ẹnu ọ̀nà.

"Ọ̀gá mi, ẹjọ́ yìí ò gùn," ló wí. "Ọmọ ló fọ́ fáyólìn bàbá rẹ̀. Gbogbo wọn ló gbọ́ láàárọ̀ nígbà tó ní òun máa fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká mú un, ká máa lọ."

"Ṣé o wà níbẹ̀ nígbà tó ń fọ́ ọ ni?"

"Rárá o."

"Fẹ̀sọ̀ nígbà náà."

Yàrá ìmúra ni wọ́n wà, lẹ́yìn ìtàgé gbọ̀ngàn orin. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì kan àti ẹgbẹ́ ọ́kẹ́sítírà ńlá fẹ́ jọ kọrin pọ̀ níbẹ̀: àwọn tó ń fi gìtá oníná di èèyàn létí, àtàwọn tó wọ kóòtù dúdú, tí wọn kì í ta okùn kan láìwo ìwé. Omi àti epo, àwọn ọlọ́pọlọ ní àwọn máa pò ó. Bàbá Onífáyólìn, aṣáájú gbogbo onífáyólìn ọ́kẹ́sítírà náà, ló ni igi ìdáná orí tábìlì yìí. Wáyà, onígìtá àwọn rọ́ọ̀kì, tí wọ́n ní ó fọ́ ọ, ọmọ bíbí inú bàbá náà ni. Láti kékeré ni bàbá ti ń kọ́ ọ ní fáyólìn. Ọjọ́ tó fi í sílẹ̀ lọ sídìí gìtá ni bàbá ti yàn án lódì, kò sì tíì bá a sọ gbólóhùn kan láti ìgbà náà, ọdún ti gorí ọdún.

Wáyà ló ṣètò ìkórajọ yìí. Ó kọ orin kan fún un, tó jẹ́ pé láàárín rẹ̀, gbogbo èèyàn á dákẹ́, ọ́kẹ́sítírà á dákẹ́, ìlù á dákẹ́, fáyólìn kan àti gìtá kan ni yóò kù. Bàbá àti ọmọ. Nítorí ibẹ̀ yẹn ni ilé fi máa kún lálẹ́ yìí.

Máníjà gbọ̀ngàn yọjú, òógùn bò ó. "Ẹ̀yin ọlọ́pàá, ẹ bá mi wá ojútùú rẹ̀ kí èrò tó wọlé. Tó bá jẹ́ ọmọ yẹn ló ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kan ìtàgé mi. Tí kò bá sì sí òun, kò sí rọ́ọ̀kì kankan mọ́."

Fẹ̀sọ̀ ní àwọn ti gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì. Ike pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀, irú èyí táwọn onígìtá fi ń ta okùn. Kọ́pùrà mú un pẹ̀lú ẹ̀rín. Fẹ̀sọ̀ ní tirẹ̀ ń wo àpótí fáyólìn tó ṣí sílẹ̀ lórí àga. Ọ̀pá fáyólìn náà, èyí tí wọ́n na irun ẹṣin sí lára tí wọ́n fi ń ha okùn, wà nínú àpótí láyè rẹ̀, kò fara ha rárá. Irun rẹ̀ dẹ̀, ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, kò tíì rí ìdí rẹ̀.

* * *

Bàbá Onífáyólìn wà nínú ọ́fíìsì máníjà. Fẹ̀sọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ kú àdánù."

Ọwọ́ bàbá náà mọ́, ó rọ̀ títí dé orí ìka. Ó ń gbọ̀n díẹ̀, àmọ́ ta ni wọ́n á fọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún tí ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n?

"Inú yàrá ni mo wà látìgbà tí wọ́n ti ní ká sinmi," bàbá ní. "Mò ń ta orin alẹ́ yìí láìdúró. Mo jáde lọ fọwọ́. Mo fi fáyólìn àti ọ̀pá sórí tábìlì bẹ́ẹ̀, torí mo fẹ́ tètè padà sídìí ẹ̀. Ìgbà tí mo dé, mo bá a bẹ́ ẹ ṣe rí i yẹn."

"Ta lẹ fura sí?"

"Mi ò ní dárúkọ ọmọ mi fún ọlọ́pàá."

"Ẹ ti dárúkọ rẹ̀ tán nìyẹn, Bàbá."

Bàbá gbójú kúrò. Obìnrin kan tó jókòó sí ìgun yàrá gba ọ̀rọ̀ náà sọ. Méjì-méjì làwọn onífáyólìn máa ń jókòó sídìí ìwé orin kan, obìnrin yìí ló sì ń jókòó ti Bàbá láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tó ń bá a ṣí ìwé. Ìkejì ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é.

"Mo rí Wáyà tó ń jáde ní yàrá yẹn lásìkò ìsinmi," ó ní. "Ojú rẹ̀ pọ́n."

"Ẹ rí i dáadáa?"

"Mo rí i dáadáa."

Ó sọ ọ́, ó sì wolẹ̀. Kọ́pùrà mi orí bí ẹni tó ti jẹ ẹ̀bùn.

* * *

Wọ́n ti Wáyà mọ́ yàrá tí wọ́n ń kó àpótí ìlù sí. Ó tín-ín-rín bí orúkọ rẹ̀, ó jókòó sórí àpótí kan, gìtá rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Fẹ̀sọ̀ nawọ́ ike yẹn sí i.

"Tèmi ni, Mà."

"Ó ti jẹ́wọ́," Kọ́pùrà ní.

"Ike ló jẹ́wọ́. Báwo ló ṣe dé abẹ́ tábìlì?"

"Mo kúnlẹ̀ ni. Lẹ́yìn ariwo àárọ̀ yẹn, mo lọ bá wọn níbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo dorí kodò bẹ̀ wọ́n. Ó ní láti jẹ́ pé àpò àyà mi ló ti bọ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọn ò wí nǹkan kan. Wọ́n kẹ̀yìn sí mi títí mo fi dìde."

"Kí ló fa ariwo àárọ̀ gan-an?"

Wáyà fọwọ́ nu imú. "Gbogbo ìgbà tá a bá dé ibi tó kan èmi àtiwọn nínú ìdánrawò, wọ́n á ní kí olùdarí orin fò ó, pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Mo ní ká jọ ta á lẹ́ẹ̀kan péré kí èrò tó dé. Wọ́n ní àwọn kì í bá aláriwo dánra wò. Níwájú gbogbo èèyàn, Mà, wọn ò tiẹ̀ kọjú sí mi, olùdarí ni wọ́n sọ ọ́ fún. Inú bí mi, mo ní lọ́jọ́ kan màá fọ́ igi yẹn. Torí igi yẹn ni mi ò ṣe ní bàbá. Mo kọ orin náà kí n lè gbọ́ ohùn wọn ni. Mo ní tí ẹnu wọn ò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bóyá ọwọ́ wọn á bá mi sọ ọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Fẹ̀sọ̀. Òun náà bímọ. Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe ẹ̀rí, ó sì ti rí apààyàn tó sunkún ju olókùú lọ rí. Ó jáde.

* * *

Lórí ìtàgé, ọ́kẹ́sítírà ti padà sídìí ìdánrawò. Olùdarí ò mọ̀ bóyá ìrọ̀lẹ́ á wáyé, àmọ́ iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ìkejì dá jókòó sídìí ìwé ẹlẹ́ni méjì. Fẹ̀sọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé títí olùdarí fi gbọ́wọ́ sílẹ̀, tó ní kí wọ́n mí díẹ̀.

Nígbà náà ló rí i. Kí onífáyólìn kan tó sọ ọ̀pá rẹ̀ kalẹ̀, á kọ́kọ́ fi ìka méjì yí nǹkan roboto kékeré kan ní ìdí rẹ̀. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ń yí i. Ẹni tó ń sáré lọ tọ̀ ń yí i. Ọkùnrin kan ń bú aládùúgbò rẹ̀ tìrántìrán, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yí i jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ọwọ́ náà ò bá a dá sí ìjà yẹn.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń yí yẹn?" Fẹ̀sọ̀ bi Ìkejì.

"Mò ń dẹ irun rẹ̀ ni. Téèyàn bá fi í sílẹ̀ ní líle, ọ̀pá á wọ́. A kì í tiẹ̀ rò ó mọ́, ọwọ́ ló ń ṣe é."

Fẹ̀sọ̀ yà sápá kan pẹ̀lú Kọ́pùrà. "Bàbá ní òun fi fáyólìn àti ọ̀pá sórí tábìlì nígbà tí òun ń jáde. Inú àpótí la ti bá ọ̀pá, wọ́n sì ti dẹ irun rẹ̀. Ẹni tó fọ́ fáyólìn ló tọ́jú ọ̀pá. Inú rẹ̀ ń ru, ó fọ́ èyí tó fẹ́ẹ́ fọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ò lè fi ọ̀pá sílẹ̀ ní líle. Onífáyólìn ni."

"Ẹ ti wá há Wáyà pátápátá báyìí, ọ̀gá mi. Ṣebí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ ní fáyólìn."

"Èyí tá à ń wò nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ."

Ó yá fáyólìn lọ́wọ́ Ìkejì, ó ní kó bá òun kálọ. Nínú yàrá àpótí ìlù, ó nà án sí Wáyà.

"Wọ́n ní o mọ̀ ọ́n ta tẹ́lẹ̀. Ta ìwọ̀nba fún mi kí n gbọ́."

Wáyà wò ó bí ẹni tí wọ́n fi ń ṣẹ̀sín. Ó gbà á, ó yí ìdí ọ̀pá kí irun rẹ̀ lè le, ó ta ohùn díẹ̀. Kò dùn, àmọ́ kò ṣì í.

"Ó ti tó. Dá a padà sínú àpótí."

Ó tẹ́ fáyólìn sílẹ̀, ó ki ọ̀pá sáyè rẹ̀, ó ń bọ̀ wá pa ìdérí dé. Kó tó pa á dé, ọwọ́ Ìkejì ti yọ wọlé lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ti yí ìdí ọ̀pá, irun ti dẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an.

"O gbàgbé láti dẹ̀ ẹ́," Fẹ̀sọ̀ sọ fún Wáyà.

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ ò sì dé ojú. "Gbogbo ìgbà ni mo máa ń gbàgbé ẹ̀. Ṣé ẹ rí ẹgba tí mo jẹ lórí ọ̀pá yẹn, Mà? Ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fi sá lọ sídìí gìtá. Gìtá ò lọ́pàá."

* * *

Níta, Kọ́pùrà ti yí ohùn padà. "Obìnrin yìí ni nígbà náà. Ó fẹ́ gba àga Bàbá ni. Ẹ ò rí bó ṣe tètè na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ?"

Fẹ̀sọ̀ náà ti rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọwọ́ Ìkejì wọ inú àpótí, ó ti rí orí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀. Pílásítà ni wọ́n fi wé wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ti hàn lára ọ̀kan. Ó ti wo ọwọ́ àwọn onífáyólìn yòókù lórí ìtàgé. Orin kan náà ni gbogbo wọn ń ta, okùn kan náà ni wọ́n ń tẹ̀, ìka tiwọn yi, àmọ́ kò bó.

Ó pe obìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn.

"Àǹtí, ta lẹ̀ ń bá tẹ okùn?"

Ìkejì ní òun ò gbọ́.

"Ẹ gbọ́. Ẹ̀ ń ta tiyín, ẹ̀ ń ta ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ le, kó lè dún bíi ti ẹni méjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń jókòó tì yín."

Obìnrin náà wo ìka ara rẹ̀.

"Ó ti lé lọ́dún kan," ó ní. "Ọwọ́ òsì wọn ń gbọ̀n, kò gba ìtọ́jú. Ọ̀pá wọn ń lọ ń bọ̀ lókè, kò kan okùn. Èmi ni mò ń dún fún àwa méjèèjì. Wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ tú wọn fó? Tá a bá pọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Àmọ́ orin tí Wáyà kọ yìí, gbogbo wa la máa dákẹ́ níbẹ̀. Ibi tí mo máa sá pa mọ́ sí fún wọn ò sí."

"Ẹ parọ́ mọ́ ọmọ wọn."

"Mi ò parọ́. Mo rí i tó jáde lóòótọ́. Ohun tí mi ò sọ ni pé mo wọlé lẹ́yìn tó jáde, fáyólìn sì wà lódindi." Ó wá ń sunkún. "Wọn ò ní kí n sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn wò mí ni."

* * *

Nígbà tí Fẹ̀sọ̀ padà sí ọ́fíìsì máníjà, èrò ti ń wọlé. Bàbá Onífáyólìn ṣì jókòó sáyè rẹ̀, kóòtù dúdú lọ́rùn, ọwọ́ òsì lápò. Fẹ̀sọ̀ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí gbayawu. Ó ti sọ fún Kọ́pùrà ibi tí wọ́n máa dúró sí, òun àti Wáyà.

"Bàbá, ẹni tó bá ń tẹ okùn lójoojúmọ́, orí ìka rẹ̀ á yi. Ti Ìkejì ti yi kọjá ààlà, ó ti ń bó. Tiyín rọ̀ bíi tọmọ ọwọ́. Mo dì í mú lẹ́ẹ̀kan, mi ò fura. Ẹ ní ẹ̀ ń ta orin látìgbà ìsinmi láìdúró. Ìka wo lẹ fi ń ta á?"

Bàbá tún ti ọwọ́ òsì náà wọnú àpò sí i.

"Ká ní ẹ gbàgbé láti dẹ irun ọ̀pá ni, mi ò bá ti gbé ọmọ yín lọ. Ọmọ yín kì í dẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù."

Bàbá yọ ọwọ́ òsì jáde lápò, ó gbé e ka itan. Ó ń gbọ̀n yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́. Kò sunkún. Bí ẹni tí wọ́n jà lólè ló rí.

"Ikú yá jẹ̀sín," ó ní.

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ kú, Bàbá. Ọmọ yín lẹ tì síwájú."

"Ọmọdé ni. Á fọ̀ kúrò lára rẹ̀. Àwọn onírọ́ọ̀kì yìí, tí wọ́n bá fọ́ nǹkan, ṣebí àwọn ará wọn á tún pàtẹ́wọ́ ni? Èmi, tí wọ́n bá gbọ́ pé ọwọ́ yìí ti lọ, kí ló kù mí kù?"

"Ike rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀?"

"Mi ò fi síbẹ̀. Mo rí i nílẹ̀ nígbà tí mo fọ́ ọ tán." Ó wo ògiri. "Mi ò kàn ṣà á ni."

Wáyà wọlé. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tí Kọ́pùrà ti sáré fi sí i kó tó mú un wá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ ò bá sọ fún mi, Bàbá. Mi ò bá fa orin yẹn ya. Mi ò bá sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ta."

Bàbá gbójú sókè wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Má sọ fún wọn," ó ní.

Nínú gbogbo ọdún tó fi yàn án lódì, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá a sọ nìyẹn. Fẹ̀sọ̀ ti ń yanjú ọ̀ràn fún ọ̀pọ̀ ọdún, àmọ́ ìtìjú tó mú un lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìtìjú iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó bọ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ náà kúrò fúnra rẹ̀.

Máníjà já wọlé. "Ilé ti kún. Kí ni kí n sọ fún wọn? Ta ló fọ́ ọ?"

Fẹ̀sọ̀ la ẹnu. Wáyà ṣáájú rẹ̀.

"Èmi ni."

"O ò ṣe bẹ́ẹ̀," Fẹ̀sọ̀ ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Wọ́n ti bẹ̀ mí. Wọn ò bẹ̀ mí rí."

Máníjà wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Èrò ń pariwo lóde, kò ráyè ẹjọ́. Ó ní kí ọmọ náà ṣì lọ kọrin, pé ọ̀rọ̀ á délé, àmọ́ òun máa sọ fún èrò ìdí tí wọn ò fi ní gbọ́ fáyólìn Bàbá. Ó sáré jáde. Wáyà gbé gìtá rẹ̀ kọ́ ọrùn.

"Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn," ó sọ fún bàbá rẹ̀. "Láti òní lọ, ẹ má retí pé mo máa wá kúnlẹ̀ mọ́."

Ó lọ. Ó ku Fẹ̀sọ̀, Bàbá àti Kọ́pùrà nínú ọ́fíìsì náà, àti sípíkà kékeré kan lókè ògiri, tí máníjà fi ń gbọ́ ohun tó ń lọ lórí ìtàgé. Wọ́n gbọ́ ohùn máníjà tó ń tọrọ àforíjì. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ní ọmọ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ fáyólìn bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ní ṣíọ̀, ẹlòmíràn gbà á, ó di ti gbogbo ilé. Wọ́n ń pe ọmọ náà ní ọmọ àlè, wọ́n ní kó sọ̀ kalẹ̀. Gìtá kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún láàárín ariwo náà, òun nìkan. Ó ta tirẹ̀, ó dúró níbi tó yẹ kí fáyólìn dáhùn, ó tún ta tirẹ̀.

"Bàbá," Fẹ̀sọ̀ ní, "ìtàgé ò jìnnà. Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Gbólóhùn kan péré, wọ́n á dákẹ́."

Bàbá Onífáyólìn dìde. Ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe. Ó rìn kọjá lára Fẹ̀sọ̀, Kọ́pùrà sì yà fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró níbẹ̀, ó gbójú sókè, ó ń wo sípíkà orí ògiri. Ó na ọwọ́ sí i, kò tó o.

"Ìwọ tó o ga," ó sọ fún Kọ́pùrà, "jọ̀ọ́, bá mi dín ohùn nǹkan yẹn kù."